Bí Láwọyin Ṣe Pín Ilẹ̀ Ìmọ̀rù

Ní ayé àtijọ́ ni o, ìjòyè mẹ́ta péré ló ni gbogbo oko Ìmọ̀rù. Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, torí ara mi kì í balẹ̀ tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí àgbẹ̀ bá wa ọgọ́rùn-ún iṣu, àádọ́ta di ti ìjòyè. Wọ́n ní ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn àbí olè ojúkorojú?

Láwọyin, baba ńlá wa, ló kọ́kọ́ sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó ń ti abà dé abà, ó ń sọ fún wọn pé ọwọ́ tó ń kọ ebè ló yẹ kó ni ilẹ̀. Ẹni mẹ́wàá wọ ẹgbẹ́, ó di ogún, ó di igba. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò sẹ́ni tó gbé ọkọ́. Ilẹ̀ tutù, oko dákẹ́, àwọn ìjòyè ń fọwọ́ ara wọn tu koríko! Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ní kí ẹgbẹ́ wá pín ilẹ̀. Ọjọ́ náà, arúgbó ń jó, ọlọ́mọ ń jó, Láwọyin gbé okùn ìwọnlẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń sunkún ayọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti ṣì í. Àjùwọ̀n ọ̀rẹ́ rẹ̀ rán an létí pé àgbà ní í kọ́kọ́ mú, àwọn sì ni àgbà ẹgbẹ́. Àṣà ni lóòótọ́, Láwọyin sì gbà. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ márààrún, tó fi mọ́ Láwọyin, mú àkùrọ̀ etí odò, ilẹ̀ olókùúta wá kan àwọn opó. Ọ̀kan nínú wọn, Àwẹ̀ró, wo ilẹ̀ tirẹ̀ títí.

Ó ní, “Baba Láwọyin, ìjòyè mẹ́ta là ń sìn tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti di mẹ́jọ báyìí.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó rẹ̀yìn, igba di ogójì. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn ìjòyè ráyè, wọ́n ń gba ilẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilá Láwọyin ti ń so lákùrọ̀ nígbà tó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún opó yìí lójú gbogbo èèyàn.

Ó ní, “Ẹ gba tèmi, kí ẹ fún mi ní òkúta yín.”

Àwẹ̀ró gbà, wọ́n sì pààrọ̀ ilẹ̀. Àjùwọ̀n ní orí Láwọyin ti dàrú. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn kò sì gba ẹgbẹ́ là, n kò ní purọ́ fún yín, ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ìdílé méje tó rí i lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà kò gbé ilẹ̀ wọn fún ìjòyè kankan mọ́. Àwọn ló di agboolé méje tó yí wa ká yìí, orí òkúta Láwọyin la sì kọ́ tiwa sí.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nílé yìí, ẹni tó bá pín nǹkan ni í mú kẹ́yìn, ì báà jẹ́ àgbà. Èmi ni mo pín ogún bàbá mi. Yàrá tó ń jò ló ṣẹ́kù fún mi, inú rẹ̀ náà ni mo ń sùn títí dòní. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ bàbá mi kan tí kì í yà kí mi kó tó lọ sóko.