Aṣọ Tútù Tí Mo Máa Ń Sá Sórí Okùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí nínú láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá. Ọkọ mi gan-an kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ọmọbìnrin mi náà ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, òun ló sì ń pọnmi ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ìlobù la wà, ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira. Ọ̀gọdọ̀ kan tó wà lọ́nà Ìfọ́n la ti ń pọnmi. Wolé-wolé kan wá kìlọ̀ fún àwọn òbí wa pé inú irú omi bẹ́ẹ̀ ni sòbìà ti ń wọ ara, kí wọ́n máa fi aṣọ sẹ́ ẹ kí wọ́n tó mu ún. Àwọn kan fi rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú láwàní funfun tí wọ́n ń wé lọ kírun Jímọ̀, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n ní kí n máa fi ìdajì kan sẹ́ omi. Ìdajì kejì ni wọ́n ń wé lọ sí mọ́ṣáláṣí látọjọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí wọn ti kéré.

Mo kọ́kọ́ ń sẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, omi yẹn kì í tètè kán tán, àwọn ẹgbẹ́ mi á sì ti máa dúró dè mí. A ń kọ́ orin wákà ní Ìfọ́n fún wòlímọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan.

Ni mo bá dá ọgbọ́n burúkú kan. Mo máa ń da omi sínú ìkòkò bó ṣe wà, màá ti aṣọ náà bọ omi, màá sá a sórí okùn. Bí Bàbá bá ti oko dé, wọ́n á wo okùn, wọ́n á bu omi mu, wọ́n á ní omi ọmọ àwọn ló dùn jù.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tó yẹ kí wọ́n máa gbin iṣu, sòbìà yọ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn ò lè dé oko mọ́. Ebi pa wá lọ́dún náà. Èmi ni mò ń fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ wọn, tí mo sì ń rọra wé sòbìà náà mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kó má baà já. Àdúà ni wọ́n ń ṣe fún mi. Omi kan náà ni mo mu, kò sì ṣe mí ní nǹkan kan. Ó dùn mí gan-an.

Wolé-wolé padà wá béèrè. Bàbá dá a lóhùn pé, "Omi oko ni mo mu. Àṣàkẹ́ ọmọ mi ò jẹ́ fún mi lómi tí kò sẹ́."

Ó lè jẹ́ omi oko lóòótọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti lé lógún ọdún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ní kí ẹ sẹ́ omi, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ̀yin òbí, ẹ má wo aṣọ lórí okùn. Ẹ dúró ti ọmọ yín nídìí ìkòkò.

Bàbá ti darúgbó gan-an báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n pe ọmọbìnrin mi, wọ́n fa ìdajì láwàní tó kù lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa sẹ́ omi bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ọmọ náà wá bá mi, ó ní kí n fi han òun.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi hàn án? Ṣé kí n kúnlẹ̀ níwájú Bàbá kí n jẹ́wọ́, àbí kí n jẹ́ kí wọ́n máa gbádùn omi ọmọ wọn lọ?