Ìlà Méjì Tí Mo Pa Ipò Wọn Dà

Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti gbé e sínú. Mo fi sùn, mo fi jí, mo sì ti fi gbàdúrà débi pé ojú ń tì mí láti tún mẹ́nu bà á níwájú Olúwa. Dókítà ti sọ iye oṣù tó kù fún mi. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ka nǹkan, mi ò ní kó tún un kà. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sídìí tábìlì àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wa lónìí, ẹ̀yin ni mò ń kọ ọ́ sí. Ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Akọ̀wé ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ti rọ láti kékeré, nítorí náà ilé ni bàbá mi ti kọ́ mi níwèé. Ó fi Sáàmù kọ́ mi ní kíkà, ó fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ mi ní ìṣirò. Nígbà kan, ìyá mi rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta. Kó tó di ọjọ́ kejì, omi ti tán nílé, aṣọ ìdọ̀tí ti kún ilẹ̀, èmi àti àbúrò mi obìnrin sì ti ja ìjà mẹ́rin. Bàbá mi wo yàrá yíká, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá yín tí ẹ rò pé ó kàn ń jókòó, ṣé ẹ ti wá rí iṣẹ́ rẹ̀ báyìí?" Ibẹ̀ ni mo ti rí gbogbo ọgbọ́n tí mo gbé dé ìdí bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo di akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, iye ayò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan jù sínú àwọ̀n ni wọ́n ní kí n máa kọ. Mo ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo tún fa ìlà mìíràn fún ara mi. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá wọlé, màá kọ iye tí a ní àti iye tí alátakò ní. Bó bá jáde, màá tún kọ ọ́, màá wá yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ìlà yẹn kò sọ iye tí òun fúnra rẹ̀ jù wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa nígbà tó wà nínú pápá ló ń sọ.

Ẹnì kan wà láàárín wọn tí a ń pè ní Adákẹ́. Ayò mẹ́rin péré ló ń jù nínú eré kan. Àwọn yòókù a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Adákẹ́, ṣé bọ́ọ̀lù ń jó ẹ lọ́wọ́ ni? O ò tíì gbà á tán, o ti fún ẹlòmíì." Á ní, "Ọwọ́ tèmi kúrú. Ẹ̀yin tí ẹ lówọ́ gígùn, ẹ jù ú." Àmọ́ ibi tí alátakò fẹ́ gbà kọjá ni ẹ óò ti bá a. Ara rẹ̀ ló fi ń dí ọ̀nà kí ẹlòmíì lè rí àyè jù. Òun ló ń gbé àpò mi, òun ló ń bá mi jókòó títí gbọ̀ngàn á fi ṣófo. Mo máa ń kì í ní jẹ́jẹ́:

Adákẹ́, òpó àárín ilé,
Òpó tí kò fọhùn tí òrùlé fi dúró.
Wọ́n wọlé, wọ́n kí àwòrán ara ògiri,
Wọ́n fẹ̀yìn tì ọ́, wọn ò kí ọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ má gbàgbé pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Àbúrò mi náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ipò kan náà ni òun àti Adákẹ́ jọ ń gbá. Bí ọ̀kan bá wọlé, èkejì á jáde. Ayò mẹ́rìnlá ni tiẹ̀, àwọn òǹwòran á sì dìde fún un. Nígbà tó bá ń sáré, ó dà bíi pé èmi ni mò ń sáré. Lẹ́yìn eré méjìdínlógún, mo ro ìlà mi pọ̀. Bí Adákẹ́ bá wà nínú, a máa ń fi ayò mẹ́sàn-án ṣíwájú. Bí àbúrò mi bá wà nínú, a máa ń fi mẹ́fà rẹ̀yìn. Mo tún un rò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò yí padà.

Ìdíje ńlá dé. Ẹni méjìlá ló máa lọ, àwa sì ní mẹ́tàlá. Kóòṣì bá mi nínú yàrá kékeré tí a ń kó bọ́ọ̀lù sí. Ó ní, "Akọ̀wé, gbogbo ènìyàn ní kí n fi Adákẹ́ sílẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á, ṣùgbọ́n ojú lè tan èèyàn. Ìwé rẹ ńkọ́? Ohun tó bá wí ni màá ṣe." Mo ní kó jẹ́ kí n dà á kọ fún un kó lè mọ́ tónítóní. Mo mú bébà tuntun. Nígbà tí mo dé orí orúkọ àwọn méjèèjì, mo fi nọ́ńbà Adákẹ́ síwájú orúkọ àbúrò mi, mo fi ti àbúrò mi síwájú tirẹ̀. Kóòṣì wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ojú mi ló tàn mí nígbà náà."

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí, bóyá màá ti rí oorun sùn. Lọ́jọ́ kejì, Adákẹ́ wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ má ṣàánú mi o. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kà á. Nígbà tí mo bá wà nínú pápá, ṣé mo wúlò?" Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Bébà irọ́ yẹn ni mo tẹ́ síwájú rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà náà. "Ẹ̀yìn la máa ń wà tí mo bá ti wọlé?" Mo ní, "Ohun tí ìwé wí nìyẹn." Ó jókòó sílẹ̀, ó tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ bàtà náà, ó tò ó sábẹ́ tábìlì mi. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹgbẹ́ wa lọ, wọ́n lé wa ní eré àkọ́kọ́. Ogún ayò ni àbúrò mi jù, àwòrán rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé mọ́kànlá la fi rẹ̀yìn nígbà tó wà nínú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi Adákẹ́ ṣe ọ̀gá ní ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó kọ̀. Ó ní ibi tí òun bá ti wọ̀, nǹkan kì í lọ déédéé níbẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ ní gbólóhùn yẹn. Èmi tí mò ń kì í.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ̀rọ ló ń bá yín ka ohun tí mò ń fi pẹ́ńsù kà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí nọ́ńbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè gbà yín gbọ́. Ẹ má fi ìlà ẹnikẹ́ni tọrẹ fún ẹlòmíì.

Àbúrò mi ti lọ gbé ní ọ̀nà jíjìn. Mo ń ka ẹsẹ̀ àwọn ará ilé lórí àtẹ̀gùn. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì kọjá láìsí ẹni tó kan ilẹ̀kùn mi. Mo wá kọ lẹ́tà sí Adákẹ́. Ní ọjọ́ kejìlélógójì, ó dé, irun rẹ̀ ti funfun. Mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí. Mo ní kó dárí jì mí. Kò sunkún, kò bú mi. Mo gbé ojúlówó ìwé náà lé e lọ́wọ́, èyí tí mo fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ láti ọjọ́ yìí wá. Ó ṣí i, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà, ó fọwọ́ wá awò ojú rẹ̀ nínú àpò, kò rí i.

Ó gbé ìwé náà padà sórí itan mi, ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ tèmi.

"Ẹ kà á fún mi, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti eré àkọ́kọ́."