Rofia, Ọmọ Rèbékà

Ẹ kú ìjókòó níwájú Ọlọ́run, ẹ̀yin ará Torino, ẹ̀yin tí ẹ wá láti Novara, àti ẹ̀yin àlejò wa láti Padova. Ọlọ́run tó ń yọ ọmọ ènìyàn kúrò lẹ́nu ìbọn, òun ni mo dìde láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ké Halelúyà sí i! Ohùn yín kéré o. Ẹ tún un ké!

Rofia ni ẹ̀rí mi dá lé. Ẹ̀yin tí ẹ gbààwẹ̀ pẹ̀lú mi mọ orúkọ yẹn. Ọmọ bàbá mi ni, kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ìyàwó kékeré ló bí i, obìnrin tó wọlé tí ìyá mi fi di ẹni tó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Láti ìgbà náà ni mo ti búra pé orúkọ obìnrin yẹn kò ní ti ẹnu mi jáde.

Èmi, bàbá mi ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ irun. Rofia, wọ́n rán an lọ sí yunifásítì ní Khartoum, ní Sudan, kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Bí mo bá ń to páálí ní magazzino, ilé ìkẹ́rù àwọn òyìnbó, ní Novara, tí ẹ̀yìn ń dùn mí, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹnì kan ń kọ́ dókítà. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ jàre. Owú ni mo ń jẹ, owú gidi! Deborah ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní Padova gan-an, Rofia ló máa ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí yóò máa rẹ́rìn-ín. Tí èmi ìyá rẹ̀ bá pè é, "Mamma, sto studiando," ìwé lòun ń kà. Ṣé ẹ rí nǹkan!

Ìgbà tó yá ni ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Sudan. Àwọn ológun dojú ìbọn kọ ara wọn láàárín ìgboro, iná lọ, omi lọ, fóònù Rofia náà kú. Bàbá mi pè mí láti Ìwó, wọ́n ń sunkún. Ẹ̀yin ará, bàbá tí omi kò jáde lójú wọn lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi! Inú mi bàjẹ́, inú sì tún bí mi. Mo bi ara mi pé bó bá jẹ́ èmi ni ogun ká mọ́ ńkọ́, ṣé wọ́n á sunkún báyìí?

Deborah ló wọ treno, ọkọ̀ ojú irin, láti Padova wá bá mi. "Mamma, è tua sorella!" Ó ní àbúrò mi ni, kí n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sí ìjọ dandan. Bí mo ṣe wá bá Màmá Aládùúrà wa nìyẹn. Ẹ sì mọ bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín, a kì í gbàdúrà fún èèyàn láìpe orúkọ ìyá rẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ní, "Rofia ọmọ ta ni?" Kí n wá fi ẹnu ara mi pe obìnrin yẹn níwájú pẹpẹ? Láéláé! Mo ní, "Rofia, ọmọ Rèbékà." Rèbékà ni ìyá tó bí mi.

Háà, àdúrà gbóná! Ẹ ń làágùn, ẹ ń pàtẹ́wọ́, "Ọlọ́run, gba Rofia ọmọ Rèbékà!" Nígbà tí èmi ń wá permesso, ìwé ìgbélùú, ẹ kò gbàdúrà fún mi tó ìdajì ìyẹn o. Ìyá mi tí kò bí ẹlòmíràn lẹ́yìn mi, mo wá jókòó, mò ń wò yín bí ẹ ṣe ń gbé e fún ọmọ orogún. Ó dùn mí dé egungun. Mo fẹ́ dìde kí n ní ó tó gẹ́ẹ́, mi ò lè dìde.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Rofia àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn rí bọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí Port Sudan. Lójú ọ̀nà, àwọn agbébọn dá wọn dúró, wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan. Wọ́n ní àjèjì ni, wọ́n ní amí ni. Wọ́n ti ń fà á lọ sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí màmá àgbàlagbà kan bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó dì mọ́ ọn, ó ń pariwo ní èdè wọn pé ọmọ òun ni, bí wọ́n bá fẹ́ pa á, kí wọ́n kọ́kọ́ pa òun. Rofia kò mọ màmá yìí rí! Àwọn ọkùnrin náà wo ewú orí rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì wọlé padà. Ìyá tí kò bí i ló gbà á sílẹ̀. Owú ló jẹ́ kí n ṣi orúkọ pè, Ọlọ́run kò torí ìyẹn dá àdúrà padà. Halelúyà!

Rofia ti wà ní Ìwó báyìí. Deborah tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ sì ti ròyìn fún wọn bí mo ṣe pe orúkọ ìyá mi mọ́ Rofia. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wà ní ọjà Porta Palazzo, mò ń ṣa tàtàṣé, ni ìyá Rofia bá pè mí. Mo rò pé èébú ló fẹ́ bú mi. Ó ní, "Ìyá rẹ kò bá mi jà rí. Èmi ni mo gba ipò wọn. Tó bá jẹ́ orúkọ wọn ni Ọlọ́run gbọ́ tó fi dá ọmọ mi padà, kí Rofia máa jẹ́ tiwọn." Mo dúró sáàárín ọjà, ọkọ̀ tram ń kọjá. Gbogbo èébú tí mo ti ń tọ́jú de obìnrin yẹn láti kékeré, ó gbẹ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin ará, owú yẹn kò tíì tán o, mi ò ní purọ́ nílé Ọlọ́run. Tí bàbá mi bá tún ní "dókítà mi" létí mi, yóò ta mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ní kí wọ́n pa òun nítorí rẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnu lásán ni wọ́n ní kí n là. Ògo ni fún Ọlọ́run! Ẹ dìde, ẹ bá mi jó, ẹ bá mi yọ̀. Màmá Aládùúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi ọpẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ sì pè é dáadáa: Rofia, ọmọ Sílífà. Sílífà ni orúkọ wọn.