Èmi Ni Mo Wọ Jákẹ́ẹ̀tì Pupa Lọ́jọ́ Náà

Ẹ̀yin ará Wistanbury, ẹ fara balẹ̀. Èmi Desmond Tranter, tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé yín, ni mo ní kí wọ́n ka ìwé yìí sí yín létí, nítorí ẹ̀dọ̀fóró mi kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ pẹ́ mọ́. Dókítà ní bóyá n ó rí ìgbà òtútù, bóyá n kò ní rí i. Ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí n kò fẹ́ gbé wọ ilẹ̀. Inú gbọ̀ngàn yìí gan-an ni mo ti pa irọ́ náà lọ́dún 1989. Inú rẹ̀ náà ló yẹ kí òtítọ́ ti jáde.

Ẹ̀yin àgbà yóò rántí Roland Pugh káfíńtà. Ọ̀rẹ́ mi ni láti ilé ìwé. Àwa méjèèjì la kọ́kọ́ gun kẹ̀kẹ́ onítáyà gbàǹgbà, irú èyí tí wọ́n ṣe fún orí òkè, ní agbègbè yìí, àwọn èèyàn sì ń fi wá rẹ́rìn-ín pé, "Ẹ wo àwọn baba ọlọ́mọ tó ń ṣeré nínú ẹrẹ̀!" Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá ti ń dún, àwa ti ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè Brockley láàárín àwọn àgùntàn, tí èémí ń jáde lẹ́nu wa bí èéfín. Bí a bá dókè, a ó jókòó sẹ́yìn ògiri olókùúta kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé wa, a ó mu tíì, a ó sì jẹ búrẹ́dì tí ìyàwó Roland fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí láàárín. Lẹ́yìn náà ni a ó já sí ọ̀nà ẹlẹ́ṣin tó gba inú igbó sọ̀kalẹ̀: gbòǹgbò igi, òkúta, omi, ewé rírà. Há! N kò tíì ṣe ohun kan láyé mi tó dùn tó o. Títí di ìsinsìnyí, bí oorun bá dá lójú mi, ọ̀nà yẹn ni mo ń fi ojú inú gùn, kọ́nà kan tẹ̀lé èkejì.

Ṣùgbọ́n bí Roland bá ti rí ẹṣin lókèèrè, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò sì fi ohùn rara kí ẹni tó gùn ún, kí ẹṣin lè gbọ́ ohùn èèyàn. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Pásítọ̀ Pugh, ṣé o fẹ́ súre fún ẹṣin ni?" Á ní, "Des, àwọn ló ni ọ̀nà yìí kí wọ́n tó bí baba ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́. Àlejò kì í lé onílé sígbó."

Ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹwàá, ọ̀fìnkìn dá Roland dúró sílé. Jákẹ́ẹ̀tì pupa rẹ̀, tí kò sí irú rẹ̀ méjì ní abúlé yìí, wà lọ́wọ́ mi, nítorí òjò pa mí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, Roland sì bọ́ ọ fún mi. Mo wọ̀ ọ́, mo dá lọ. Nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀, n kò fọwọ́ kan bíréèkì rárá. Inú mi tilẹ̀ ń dùn pé Pásítọ̀ kò sí níbẹ̀ láti dá mi dúró. Bí mo ṣe yí kọ́nà, Ìyáàfin Muriel Beddoes ló wà níwájú mi lórí abo ẹṣin rẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá fìrì. Ẹṣin náà ta ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, mo sì gbọ́ ìró kan lẹ́yìn mi, bí ìgbà tí àpò ọ̀dùnkún bá já lulẹ̀. Mo dúró o. Ohun tí n kò lè dárí rẹ̀ jì ara mi nìyẹn, pé mo dúró, mo wẹ̀yìn, mo rí i nínú ẹrẹ̀. "Ìwọ yẹn, jọ̀ọ́! Má lọ! Mi ò lè dìde!" Kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ láàárín wa. Mo ro iṣẹ́ mi, mo ro ohun tí ayé máa sọ, mo sì gun kẹ̀kẹ́ mi lọ. Darandaran kan ló rí i lẹ́yìn wákàtí méjì nínú òjò. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti fọ́.

Ẹ má rò pé a ti dé ibi tó burú jù. Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ abúlé pe gbogbo wa síbí. Ìyáàfin Beddoes ti ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn pé ẹrẹ̀ kún òun lójú, jákẹ́ẹ̀tì pupa nìkan lòun rí. Gbogbo ojú yí sí Roland. Ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́, mo dùbúlẹ̀ sílé. Jákẹ́ẹ̀tì yẹn ò tilẹ̀ sí lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ Desmond ló wà. Des, sọ fún wọn." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bó ṣe sọ ọ́, nítorí ọkàn rẹ̀ kò tíì lọ síbẹ̀ pé èmi ni. Mo dìde. Mo ní, "Mo ti dá a padà fún un ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé náà." Gbólóhùn kan péré. Lóòótọ́ ni wọ́n bá a lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀. Èmi ni mo yọ́ lọ fi kọ́ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé náà. Ẹ̀rín kú lójú Roland. Ìyàwó rẹ̀ pariwo pé ọkọ òun kò jáde, ẹnì kan sì dá a lóhùn láti ẹ̀yìn pé, "Kí lẹ fẹ́ kí ìyàwó sọ?" Wọ́n gbà mí gbọ́. Ta ni kì í gba ẹni tó ń gbé lẹ́tà wá fún un gbọ́? Níta, Roland dì mí lápá. "Kí ni mo ṣe fún ẹ, Des?" Mo já apá mi gbà, mo sì lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbéṣẹ́ fún un mọ́. Kí ìgbà ìrúwé tó dé, wọ́n ti ta ilé, wọ́n ti kó lọ sí Wales. Èmi sì ń gbé lẹ́tà lọ fún Ìyáàfin Beddoes, ó ń fi ọ̀pá rìn wá ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ń po tíì fún mi. "Desmond, ìwọ nìkan lo máa ń béèrè ìbàdí mi." Mo sì ń mu ún, èmi aláìnítìjú!

Lóṣù tó kọjá, mo ní kí ọmọbìnrin mi fi mọ́tò gbé mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Mo pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Kí ni mo sọ?"

"Ẹ ní kí n má lọ."

Ó fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Tìbàdí yìí, mo lè fi jì ọ́. Ẹṣin lè ju ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Roland gbé òdòdó wá kí mi, mo jù ú lù ú lójú, mo pè é ní ẹranko. Ìwọ lo fi ọwọ́ mi lu aláìṣẹ̀. Ta ló máa fi ìyẹn jì mí?" Ó ní òun kò gba ẹ̀bẹ̀ kọ̀rọ̀, ibi tí mo ti ba orúkọ ọkùnrin náà jẹ́ ni kí n ti tún un ṣe. Ìdí tí ẹ fi jókòó síbí nìyẹn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mò ń gbọ́ ẹ̀rín yín lábẹ́ fèrèsé mi bí ẹ ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè, mo ń jowú yín. Ẹ máa gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú nítorí yín, ẹ padà. Ìtìjú ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Èmi sá fún un, mo sì rù ú fún ọdún márùndínlógójì. Ọ̀rẹ́ mi ló ru apá tó wúwo jù.

Mo ti kọ̀wé sí Roland. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fóònù mi dún. Ohùn rẹ̀ ti di ti arúgbó. Ó ní, "Ìyàwó mi kú láìgbọ́ ọ, Des. Ó yẹ kó gbọ́." Ó wá ní, "Mi ò mọ̀ bóyá màá lè dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ ní Sátidé. Má tíì kú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run, kí Sátidé bá mi láàyè.