Ẹni Tó Ń Fi Ohùn Òkú Ṣàmín

Ó tó gẹ́ẹ́. Ohun tí Ayọ̀kúnmi sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ó jókòó sí pálọ̀ ìyá rẹ̀ ní Apòmù, tí ó gbé ife tíì lé orúnkún, tí kò sì lè mu ún. Òtítọ́ tí ó ti gbé pọ̀n láti ọdún mẹ́fà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lónìí, ì báà wó ilé mọ́ ọn lórí. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó ti ìlú òyìnbó dé. Láti ọjọ́ tí ó ti dé ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti ń wọlé wá kí i, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tí gbogbo wọn sì ń bèèrè ohun kan náà: “Àbúrò rẹ ńkọ́? Ìgbà wo ni Ọlámijù ń bọ̀?” Òun náà a ní, “Ó ń bọ̀, ó ń kí yín.” Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, itọ́ ẹnu rẹ̀ a korò.

Ìyá rẹ̀ jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Kẹ́misọ́lá ni ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá, ọmọbìnrin Ìkirè tí Ọlámijù fi sílẹ̀ ní àfẹ́sọ́nà nígbà tí ó ń lọ. Dòdò Ìkirè ni ó gbé wá, èyí tí ó dín fúnra rẹ̀ títí tí ó fi dúdú tí ó ń dán, tí ó sì wé sínú ewé. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n bá òun gbé e lọ fún Ọlámijù.

“Bùọ̀dá Ayọ̀,” ni ó wí, “ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti dá Àyànníyì lóhùn. Mo ní rárá.”

“Ta ni Àyànníyì?”

Ìyá ló fèsì. “Tíṣà kan ní Ìkòyí ìtòsí wa níbí ni. Ọmọlúàbí ènìyàn. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń rán ènìyàn sí àwọn òbí rẹ̀.”

“Ọlámijù ló ní kí n dúró,” ni Kẹ́misọ́lá wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń rántí nǹkan dídùn. “Lóṣù tó kọjá lórí fóònù, ó ní kí n fún òun ní ọdún kan péré sí i. Àwọn ará ilé wa ń pariwo lé mi lórí pé mò ń darúgbó lọ. Ṣùgbọ́n kò purọ́ fún mi rí.”

Ayọ̀kúnmi gbé ife tíì sílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì níwájú àwọn obìnrin méjèèjì.

“Màmá, Kẹ́misọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Bí ẹ bá dá a mọ́ mi lẹ́nu, n ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ọlámijù kò sí láyé. Ó ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Èmi ni mò ń fi ohùn rẹ̀ bá yín sọ̀rọ̀.”

Ọwọ́ ìyá dúró sínú ẹ̀wà. Kò kígbe, kò sì bèèrè pé ṣé òótọ́ ni. Ó ní, “Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Má fo nǹkan kan.”

Láti kékeré ni ohùn àwọn ọmọ méjèèjì ti jọra. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ìpè láti ẹ̀yìnkùlé, ìyá wọn a tún bèèrè pé, “Èwo nínú yín nìyẹn?” Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé Ọlámijù a máa fi ẹ̀rín ṣáájú ọ̀rọ̀, bí ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kí ó tó lanu. Ayọ̀kúnmi kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀nà lọ sí Leeds ní ìlú òyìnbó, ó kàwé níbẹ̀, ó sì rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Nígbà tó yá, Ọlámijù bá a lọ. Ó fi ìwé àbẹ̀wò wọlé, ọjọ́ inú ìwé náà pé, kò padà. Yàrá kan ni wọ́n jọ ń gbé, bẹ́ẹ̀dì kan ni wọ́n jọ ń sùn. Ilé ni Ọlámijù ń rò ṣáá. Bí òjò bá rọ̀ ní Leeds, òun a ní òjò yìí kò lóòórùn, kò dà bí òjò oko kòkó bàbá wọn. Òun a tún ní, “Bùọ̀dá, bí mo bá délé, bàtà ni n ó kọ́kọ́ bọ́. N ó fẹsẹ̀ lásán rìn dé Ìkirè.”

Ayọ̀kúnmi ní ìwé iṣẹ́, Ọlámijù kò ní. Àwọn méjèèjì wá fìmọ̀ ṣọ̀kan pé kí àbúrò máa fi orúkọ ẹ̀gbọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di ẹran adìẹ sínú páálí. Òfin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ wọ́n, wọn yóò dá àwọn méjèèjì padà sílé, ìwé tí Ayọ̀kúnmi ń dúró dè yóò sì di àwátì. Inú òtútù ilé iṣẹ́ adìẹ yẹn ni àìsàn ti wọ Ọlámijù láyà.

“Ó ní, ‘Bùọ̀dá, àyà ń dùn mí, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù.’ Mo ní, ‘Orúkọ wo lo fẹ́ sọ fún wọn pé ò ń jẹ́? Fara dà á, a ó gbàdúrà.’ Màmá, mo ta òróró sí i lórí. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà, mo ń ké pe orúkọ Jésù, àwa méjèèjì jọ ń ké e. Òun ń fi ìgbàgbọ́ pè é. Ní tèmi, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ẹ̀rù ni, mo kàn fi aṣọ àdúrà bò ó. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé ẹ̀rù ni.”

Nígbà tí Ọlámijù kò lè dìde jókòó mọ́, tí èémí rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń fa igi lórí yanrìn, Ayọ̀kúnmi pe takisí. Yìnyín bo gbogbo ojú ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó fi ẹ̀yìn gbé àbúrò rẹ̀ wọ ilé ìwòsàn, ó gbé e ka àga. Nọ́ọ̀sì kan sáré wá, ó bi í pé kí ni ẹni yìí jẹ́ sí i.

Nígbà tí Ayọ̀kúnmi dé ibẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó fi iwájú orí kan símẹ́ńtì. Ìyá kò sọ pé kó fi í sílẹ̀. Kẹ́misọ́lá ti fi gèlè bo ẹnu.

“Mo ní n ò mọ̀ ọ́n. Mo ní ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti rí i. Nọ́ọ̀sì náà wò wá lójú, àwa méjèèjì tí a jọra bí imú ṣe jọ imú. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ Ọlámijù, ó ní, ‘Ṣé o mọ ọkùnrin yìí?’ Màmá, ó wò mí. Mo rò pé yóò pè mí ní Bùọ̀dá. Ọlọ́run gbọ́, apá kan lára mi ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pè mí bẹ́ẹ̀. Ó mi orí. Ó ní rárá. Ó wá yíjú sí mi, ó fi èdè òyìnbó dá mi lóhùn bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀, ó ní, ‘Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ẹ máa lọ sílé.’ Mo sì lọ sílé.”

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ dúró sí òdìkejì títì, ó ń wo fèrèsé ilé ìwòsàn, kò lè wọlé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, níbi ìpàdé àdúrà ìjọ Yorùbá tí wọ́n máa ń ṣe nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn náà sọ̀rọ̀. Ó ní ọkùnrin dúdú kan kú síbẹ̀, kò jẹ́ orúkọ fún ẹnikẹ́ni, kò sì sí ará tó wá bèèrè rẹ̀, ìjọba ló sin ín. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún ẹbí rẹ̀, níbikíbi tí wọ́n bá wà. Bùọ̀dá Ayọ̀, ẹ bá wa darí rẹ̀.” Ayọ̀kúnmi dìde, ó sì darí àdúrà náà. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti ka ibi tí Pétérù ti dúró níbi iná tí ó ń sẹ́ Olúwa rẹ̀, òun a dìde jáde, a ní òun fẹ́ wo ọkọ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan náà tí ó gbọ́ ìròyìn yẹn, ìyá pè láti Apòmù lórí fóònù rẹ̀ kékeré, ó ní kí ó gbé àbúrò fún òun. Ẹnu Ayọ̀kúnmi fẹ́ sọ òtítọ́, ẹ̀rín ni ó jáde, ẹ̀rín Ọlámijù. “Màmá mi, ẹ kúulé.” Ìyá bú sáyọ̀. Ó gbàdúrà fún un bí ó ti máa ń ṣe: Olúwa yóò pa á mọ́ ní àjò, yóò mú un padà wá láàyè, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi sin òun. Ayọ̀kúnmi fi ohùn òkú ṣe àmín. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Ó ní Ọlámijù ti kó lọ sí ìlú mìíràn, ó kàn wá lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ òun ni.

“Tèmi ńkọ́?” ni Kẹ́misọ́lá wí. Ó rọra wí i.

Ayọ̀kúnmi gbé orí sókè. “Ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kí àṣírí má baà tú ni mo ṣe ń gbé ìpè rẹ. Lẹ́yìn náà, irọ́ ni bí mo bá ní nítorí àṣírí ni. Ní ìlú yẹn, mo lè ti ibi iṣẹ́ dé kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi di ọjọ́ kejì. Ìwọ a pè, wàá bèèrè pé ṣé mo ti jẹun. Mò ń dúró de ìpè rẹ láti Ọjọ́ Ajé. Àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ jí orúkọ rẹ̀, mo tún jí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí i.”

Kẹ́misọ́lá dìde dúró. Nígbà gbogbo ni ó máa ń fi ẹ̀yin pe ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bí ó ti ń bá ohùn inú fóònù sọ̀rọ̀ ni ó ṣe bá a sọ̀rọ̀.

“Ní àárọ̀ Àjíǹde tó o ní bí ojú bá tún kan ojú, o ò ní jẹ́ kí n nìkan rìn mọ́, ta ló sọ ọ́? Ṣé òun ni, àbí ìwọ?”

“Èmi ni.”

Kẹ́misọ́lá dúró níbẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wá ojú ẹlòmíràn nínú ojú rẹ̀. Ó bọ́ sí ìta, ó sì gba ọ̀nà Ìkirè lọ láìwẹ̀yìn. Ó ku ìyá àti ọmọ.

“Irun orí rẹ̀ ńkọ́?” ni ìyá bèèrè. “Èékánná rẹ̀ ńkọ́?”

Ayọ̀kúnmi mọ ohun tí ìyá ń wí. Ẹni tó bá kú sí àjò, wọn a gé irun àti èékánná rẹ̀ wá sílé, kí ilẹ̀ baba rẹ̀ lè rí nǹkan gbà lára rẹ̀.

“N ò mú nǹkan kan wá, Màmá. N kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo wá sàréè rẹ̀ rí, igi kékeré kan ni wọ́n rì mọ́ orí rẹ̀, wọn ò kọ orúkọ sí i. Ẹ dárí jì mí.”

Ìgbà yìí ni ìyá tó sunkún. Ó sun ún títí àwọn aládùúgbò fi yọjú, tí ó fi ọwọ́ lé wọn padà. Nígbà tí ó nu ojú rẹ̀, ó ní, “Má tíì bẹ̀ mí. Kì í ṣe èmi lo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Padà lọ. Lọ bá àwọn tó o sẹ́ ẹ lójú wọn, kí o sọ ẹni tó jẹ́.”

“Màmá, wọ́n lè gba ìwé mi. Wọ́n lè tì mí mọ́lé.”

“Mo gbọ́.”

Ayọ̀kúnmi padà sí Leeds. Ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí àwọn òkú tí kò ní ará, ó dúró níwájú obìnrin kan tó wọ gíláàsì. Obìnrin náà bi í pé kí ni ẹni náà jẹ́ sí i. Ó ní, “Ọmọ ìyá mi ni. Ọlámijù ni orúkọ rẹ̀. Mo purọ́ ní ọjọ́ tí mo gbé e wá.” Ó sọ ìyókù, ti ilé iṣẹ́ adìẹ àti ti orúkọ. Wọ́n ní kí ó máa retí wọn. Títí di òní, wọn kò tíì sọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n ti da iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Kẹ́misọ́lá kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Tíṣà Ìkòyí náà ti mú ẹlòmíràn lọ sílé.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ó lọ sí ọ́fíìsì náà, nínú gbọ̀ngàn kan náà tí ó ti darí àdúrà, ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé dé ni ó kọjú sí. “Ìwé ìgbélùú dára,” ni ó wí, “èmi náà wá a bí ẹni wá ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi yín ní ìlú yìí pé ta ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ dárúkọ rẹ̀. Ohunkóhun tí yóò ná yín, ẹ dárúkọ rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run àti lọ́wọ́ yín.” Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn kọ́kọ́ gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wá jókòó tì í.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé òkúta tí wọ́n kọ orúkọ Ọlámijù sí dúró, ó pe Apòmù. Ìyá gbé e. Láti ìgbà tí ó ti kúrò nílé, ìyá kò bá a sọ ju gbólóhùn méjì lọ, kò sì tíì sọ pé òun ti dárí jì í. Ó sọ fún un pé wọ́n ti kọ orúkọ náà, kò sí àṣìkọ.

“Ibi tí ó wà yẹn,” ni ìyá bèèrè, “ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀?”

“Ó pọ̀, Màmá.”

“Ṣé àwọn òyìnbó nìkan ló wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀?”

“Àwọn nìkan ni.”

“Máa lọ síbẹ̀,” ni ìyá wí. “Títí wọn yóò fi lé ọ, máa lọ. Jókòó tì í, kí o bá a sọ Yorùbá.”