Orúkọ Ẹgbẹ́ Wa Wà Nínú Ọkọ̀ Richard

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ akọ̀wé. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lórí ìdúró, torí bí mo bá fi jókòó, ẹ̀rù á bà mí, màá tún gbé e mì. Èmi Kọ́lápọ̀ ni mo gé tapólì ẹgbẹ́. Èmi ni! Wàhábì kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ n rò ó délẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìbòrí àga mọ́tò ni mò ń rán ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Richard, ọmọ Ìbẹfun tí wọ́n bí sílùú òyìnbó, tí kò gbọ́ Yorùbá, gbé tapólì wá bá mi. Ọkọ̀ onígbòkun ló fi ń sáré ìje lórí ọ̀sà l'Ékòó. Ó ní kí n rán dọ́jà fún òun, ìyẹn ìbòrí tí wọ́n ń nà sórí irin níwájú ibi tí atukọ̀ ń jókòó sí, kí omi má baà máa gbá a lójú. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun! Ta ló rán irú ẹ̀ rí nínú gbogbo Ìjẹ̀bú?

Ìgbéraga ló kó bá mi. Richard ní kí n kọ́kọ́ wá wọn irin ọkọ̀ náà. Mo ní kó fi ìwọ̀n ránṣẹ́ lórí fóònù, pé ojú mi nìkan ti tó ìwọ̀n. Mo gé e pẹrẹsẹ bí ìbòrí àga, n kò rò ó pé irin náà tẹ̀. Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀sà, ó kù díẹ̀ káàtó, kò bo irin náà tán! Ìje ku ọjọ́ mẹ́ta. Mo wá tapólì tó nípọn bẹ́ẹ̀ dé Ìmùṣin, kò sí. Mo bá rántí èyí tí ẹgbẹ́ wa fi ń ṣíji lọ́jọ́ Ojúde Ọba.

Wàhábì ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lẹ ibi tó lu. "Ìwọ náà ló tún ń tọrọ ohun ẹgbẹ́ ẹ?" ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kó o fún mi. Igun tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ wa sí ni mo gé, torí ibẹ̀ ló nípọn jù. Mo yí orúkọ náà sínú.

Háà, ẹ bá wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìje! Omi ń fò lu dọ́jà mi, kò jò, kò já. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Richard ló gbapò kìíní! Ó bi mí pé kí ni wọ́n kọ sínú ibẹ̀. Mo ní àdúrà ni. Àdúrà! Títí dòní, kì í wọ ìje kó má kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

Ìgbà tí a tú tapólì ẹgbẹ́ tí a bá ihò, níbí yìí ni Wàhábì ti kọjú sí mi: "Kọ́lá, sọ fún wọn. Ṣebí ìwọ ni mo kó kọ́kọ́rọ́ fún." Gbogbo yín ń wò mí. Mo ní n kò gba kọ́kọ́rọ́ kankan. Mo tún pè é lólè. Ẹnu mi yìí náà! Ẹ lé e. Láti ìgbà náà, bí a bá ń jó lọ síwájú ọba, ẹ̀gbẹ́ títì ló ń dúró sí, ó ń wò wá. Mo máa ń rí i, màá ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Lánàá, Richard fi fọ́tò tó yà lábẹ́ dọ́jà náà ránṣẹ́, ó tún borí. Rahmah ọmọ mi gba fóònù, ó wò ó dáadáa. "Dádì, ṣé orúkọ ẹgbẹ́ yín kọ́ nìyí?" Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Wàhábì láàárọ̀ yìí. Ó ní, "Dìde. Kọ̀rọ̀ kọ́ lo ti pè mí lólè."

Fóònù náà rèé, ẹ gbé e yí ká. Màá ra tapólì tuntun, ẹ fi ìyà tó bá wù yín jẹ mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ṣùgbọ́n Wàhábì wà níta, ó ní òun ò ní wọlé àfi bí ẹ bá pe òun. Ẹ pè é. Àga mi rèé, n kò ní jókòó síbẹ̀ mọ́.