Pákó Tó Wà Lábẹ́ Ìkòkò Ẹ̀wà

Ẹ jókòó, ẹ máa jẹ ẹ̀wà yín. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni dìde kí mi. Dókítà ti sọ iye ọjọ́ tó kù fún ẹ̀dọ̀fóró mi, kò sì tó nǹkan, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó ti há mi lọ́fun láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, òní ni màá pọ̀ ọ́ síta níwájú gbogbo yín. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún Fadá. Ó ní Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo ní, "Fadá, Ọlọ́run kọ́ ni mo gba pákó lọ́wọ́ rẹ̀." Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n gbé mi wá síbí, pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, ilẹ̀kùn nìyẹn.

Gbogbo Sátidé tí a bá wá jẹun nínú yàrá abẹ́ ilé ìjọsìn yìí, ẹkún kan náà lẹ máa ń sun. Pákó wọ́n. Ìṣó wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ti kó lọ sí ìlú ńlá Portland, kò sí òṣìṣẹ́ mọ́. Ẹni tó kàn fẹ́ pààrọ̀ fèrèsé, iye tí wọ́n ń pè fún un, àfi bí ẹni fẹ́ ra odindi ilé. Òótọ́ ni, pákó wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi Rosaire Daigle, káfíńtà yín, tí ẹ pàtẹ́wọ́ fún lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo wà lára ohun tó jẹ́ kó wọ́n. Àwa agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ni: èmi, Fernand Ouellette tó ti kú, àti Gary Bragdon tó lọ ń yáàrùn ní Florida. Kò sí ẹlòmíràn tó fẹ́ wakọ̀ la òjò dídì wá sí ìlú wa. Àwọn òbí yín kọ́ yín pé kí ẹ tó tún ilé ṣe, ẹ gba iye lẹ́nu ẹni mẹ́ta. Ẹ sì ń gbà á, ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n! Ẹni mẹ́ta lẹ rí, ẹnu kan ni. Fernand á pè mí pé, "Ilé lágbájá, tèmi ni o." Èmi àti Gary á wá lọ dárúkọ owó tó ju tirẹ̀ lọ, kí tirẹ̀ lè dà bí àánú. Tó bá tún yá, á kan èmi. Ẹni tí iṣẹ́ kì í ṣe tirẹ̀ kì í yọ téèpù. Kí ló fẹ́ wọ̀n? Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wo òrùlé, á mí kanlẹ̀, á pe owó tó bá wù ú. Ẹ ó tún fún un ní kọfí. Lọ́dọọdún ni a sì ń fi kún un, nítorí pé kò sí ẹni tó máa bi wá.

Ẹ máa bu ẹ̀wà yín lọ, Mémère Leona. Mi ò tíì dé ibi tí ẹ máa fi ṣíbí ìbubẹ̀ yẹn lù mí. Gbogbo yín lẹ mọ Leona Pinette, ìyá àgbà gbogbo ìlú, ẹni tó ń bu oúnjẹ fún yín lẹ́yìn pẹpẹ funfun yẹn. Àwọn àgbà nínú yín rántí ọkọ rẹ̀, Alcide. Nínú oko ọ̀dùnkún rẹ̀ ni mo ti ń ṣa ọ̀dùnkún nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi ìkórè. Ọ̀lẹ ọmọ ni mí. Mo máa ń kó ewé sí ìsàlẹ̀ àgbá kí ó lè tètè kún. Alcide rí i. Kò nà mí, kò lé mi. Ó da àgbá náà nù, ó bá mi ṣa á kún, ó ní kí n lọ jẹ ployes gbígbóná, àkàrà pẹlẹbẹ wa yẹn, lọ́wọ́ ìyàwó òun. Irú ẹni tí mo ṣe é sí nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀gbà kọ lù ú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, ó di ará orí àga onítáyà. Leona fẹ́ kí wọ́n kọ́ balùwẹ̀ sísàlẹ̀, kí wọ́n sì fi pákó ṣe afárá láti ẹnu ilẹ̀kùn ìdáná sílẹ̀, kí àga náà lè máa gbà á jáde. Ohun tó ń jà fún kò pọ̀: kò fẹ́ kí wọ́n gbé ọkọ òun lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó. Fernand ti pè mí pé tòun ni iṣẹ́ náà. Mo lọ. Mo dúró lórí ẹní ẹnu ọ̀nà, mo mí kanlẹ̀, mo dárúkọ owó.

Leona ní, "Rosaire, ṣé o wò ó dáadáa ṣá? Iye tí Fernand pè, apá wa ò ká a. Tìẹ tún wá ga ju tiẹ̀ lọ."

"Pákó ló wọ́n, màmá."

"O ò tiẹ̀ wọn nǹkan kan."

"Ojú mi ni téèpù, màmá."

Alcide fi ẹnu apá kan rẹ́rìn-ín lórí àga. Ó ní, "Ojú tó ń ka ewé mọ́ ọ̀dùnkún! Leona, fún un lóúnjẹ, ọlọ́gbọ́n wa ti dé." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo jẹun wọn yó. Ojú ò tì mí, àbí ẹ rò pé ó tì mí?

Obìnrin yìí kò bẹ̀ wá mọ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tú pákó lára abà àtijọ́ wọn, abà pupa yẹn, wọ́n gbé òòlù, wọ́n kan afárá náà fúnra wọn. Àwọn èèyàn ń dúró wò wọ́n. Fernand sáré wá bá mi. Ó ní, "Bí a bá fi Leona sílẹ̀, tó bá dọ̀la, gbogbo obìnrin ìlú yìí á di káfíńtà. Ta ló máa wá pè wá? Pe wolé-wolé fún un." Mo ní kí ó pè é fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo sún mọ́ wọn jù. Wọn ò lè fura sí ẹ." Mo sì pe ọkùnrin tó ń yẹ ilé kíkọ́ wò fún ìlú. Mi ò dárúkọ ara mi. Mo ní afárá kan wà nílé Pinette, ó ga jù, kò ní ọwọ́ ìdìmú, àga á yọ̀ lórí rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù. Ẹni tó bá fẹ́ràn wọn á gbé irinṣẹ́ lọ tún un ṣe lọ́sàn-án kan. Fóònù lèmi gbé.

Wolé-wolé ní kí wọ́n tú u, tàbí kí oníṣẹ́ tó níwèé wá tún un ṣe. Ẹ gbọ́ ẹni tí Leona pè. Èmi ni! Ó ní, "Rosaire, ìwọ ni kó o wá tú u. Mi ò fẹ́ kí àlejò tú iṣẹ́ ọwọ́ mi." Mo gbé irin ìtúṣó lọ. Alcide wà lójú fèrèsé ìdáná, ó ń wò mí. Ó ní, "Rosaire, dípò kó o tú u, ṣé o ò kúkú lè bá wa tún un ṣe? A máa san án díẹ̀díẹ̀."

Mo ní, "Bàbá, mi ò ráyè, ó di ìgbà tí òjò dídì bá yọ́." Irọ́ ni. Mi ò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ní gbogbo oṣù yẹn. Mo tú u lójú rẹ̀, mo kó pákó náà sínú ọkọ̀ mi, mo sì gba owó ìkólẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀.

Wọ́n gbé Alcide lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó ní Bangor. Leona kò lè wakọ̀ lórí yìnyín dé ọ̀hún. Ọkùnrin náà kú kí òjò dídì tó yọ́, ojú ìyàwó rẹ̀ ò tó o. Èmi wà lára àwọn tó gbé pósí. Leona dì mọ́ mi létí ibojì, ó ní, "O ṣé, Rosaire. O gbìyànjú fún wa."

Pákó ńkọ́? Ẹ wo iwájú yín. Mo fá a, mo kùn ún ní funfun, mo fi kan pẹpẹ tí wọ́n ń gbé ìkòkò ẹ̀wà lé yìí, mo fi ta ilé ìjọsìn lọ́rẹ. Fadá ìgbà yẹn dárúkọ mi lórí àga ìwàásù. Láti ọjọ́ náà, orí afárá ọkọ yín lẹ ti ń bu ẹ̀wà, Mémère. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Mi ò kun abẹ́. Ọ̀dà pupa abà yín ṣì wà níbẹ̀, ojú ìṣó yín náà sì wà níbẹ̀.

Travis Ouellette, jókòó! Ibo lò ń lọ? Ọmọ Fernand, ìwọ tó jogún iṣẹ́ bàbá ẹ, ó ti kàn ẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Jolene ọmọ mi fẹ́ ṣe afárá fún àga tèmi. Ó gba iye lẹ́nu ẹni mẹ́ta, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ìwọ lo ṣe ẹ̀kẹta. O dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, o wo òrùlé, o mí kanlẹ̀ bíi bàbá ẹ gẹ́lẹ́. Téèpù wà nígbàdí ẹ, o ò yọ ọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí rọ́bà fi yọ nímú mi. Jolene rò pé mò ń kú. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Igbá tèmi rèé lórí. Ìwọ ṣì lè sọ tìẹ kalẹ̀. Yọ téèpù ẹ, ọmọ yìí, nílé ẹnikẹ́ni tó bá pè ẹ́. Bí o ò bá fẹ́ iṣẹ́, sọ pé o ò fẹ́, kó o máa lọ.

Mémère, ẹ foríjì mí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ dáadáa, ẹ̀yin náà mọ̀. Travis àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé mi sọ̀ kalẹ̀ níbi àtẹ̀gùn yìí lónìí, mi ò sì lè dá gun òkè. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àga mi. Alcide jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn ìdáná rẹ̀, ó ń retí ẹni tó máa gbé e jáde. Èmi náà á jókòó síbí. Bí Mémère bá ní kí ẹ gbé mi, ẹ gbé mi. Bí ó bá wọ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, tó gun àtẹ̀gùn yẹn lọ láìsọ nǹkan kan, ẹ pa iná, kí ẹ máa lọ sílé yín.